Bí Ẹ Ṣe Lè Da Dísíìkì Sáfà Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lọ́wọ́ Kọ Sórí Ẹ̀rọ Mìíràn

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún sáfà Linux tí kò ṣeé pa fún wákàtí púpọ̀, tí ẹ sì fẹ́ kí gbogbo ohun tó wà lórí dísíìkì rẹ̀ dé orí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ̀rọ náà sì gbéra bí ẹni pé orí rẹ̀ ni wọ́n ti tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ root, ìyẹn olùdarí àgbà sáfà, ni gbogbo rẹ̀. A ó máa pe sáfà tó wà nílẹ̀ ní ẹ̀rọ àtijọ́, a ó sì pe èkejì ní ẹ̀rọ tuntun.

Ìdí tí a kò fi ní lo dd

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń kọ́kọ́ ronú kan dd: kí wọ́n ka dísíìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n máa rọ ọ́ gba orí ssh (ọ̀nà aláàbò tí a fi ń wọ ẹ̀rọ mìíràn láti òkèèrè) sínú dísíìkì ẹ̀rọ kejì. Bí sáfà bá wà ní pípa, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má dán an wò. dd kò mọ fáìlì, búlọ́ọ̀kù nìkan ló mọ̀. Nẹ́tíwọ̀kì 1 Gb/s kì í sì í gbé ju nǹkan bíi MB 110 sí 118 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà dísíìkì 500 GB yóò gbà tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 12. Ní gbogbo àkókò yẹn, sáfà ò dáwọ́ kíkọ dúró. Fáìlì tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà níwájú dísíìkì, tí ara rẹ̀ wà lẹ́yìn, lè ti yí padà kí dd tó dé ẹ̀yìn. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ á wá máa tọ́ka sí ara tuntun.

Journal, ìyẹn ìwé ìrántí tí filesystem (ètò tó ń to fáìlì sórí dísíìkì) bíi ext4 tàbí XFS máa ń kọ, kò lè gbà yín nínú èyí. Dísíìkì tí iná lọ mọ́ lórí lójijì ni wọ́n ṣe journal fún, ìyẹn dísíìkì tó dúró lójú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀dà dd yìí kò dúró lójú ẹsẹ̀ kankan, wákàtí kan gbáko ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbéra láìfi ìyọnu kankan hàn, títí dátábéèsì yóò fi kan ibi tó bàjẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

rsync, àṣẹ tó ń da fáìlì kọ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, la ó lò, lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ á gbé ẹrù tó pọ̀ nígbà tí sáfà ṣì ń ṣiṣẹ́. Láàárín méjèèjì, a ó mú kí ẹ̀rọ tuntun gbéra, a ó sì dán an wò. Lẹ́yìn náà la ó dá iṣẹ́ sáfà dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí rsync kejì kó ìwọ̀nba tó yí padà. Àǹfààní mìíràn ni pé dísíìkì tuntun kò ní láti tóbi tó ti àtijọ́. Kó ṣáà gba ohun tó wà nínú rẹ̀. Dísíìkì tí sẹ́kítọ̀ rẹ̀ jẹ́ báìtì 4096 náà kò ní fa wàhálà, bẹ́ẹ̀ bí a bá fi dd da dísíìkì onísẹ́kítọ̀ 512 kọ sórí rẹ̀, GPT (àtẹ tó ń sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan wà) á bọ́ sí ibi tí kò yẹ, firmware (ètò inú ẹ̀rọ tó ń gbé e dìde) ò sì ní rí ìpín kankan.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà nílẹ̀

Lórí ẹ̀rọ àtijọ́:

    lsblk -o NAME,SIZE,FSTYPE,UUID,MOUNTPOINT
    df -hT
    cat /etc/fstab
    ls /sys/firmware/efi
    ip -br link

Ẹ tọ́jú èsì wọn sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ó nílò rẹ̀. Bí fódà /sys/firmware/efi bá wà, UEFI ni sáfà fi ń gbéra. Bí kò bá sí, BIOS ni. Irú firmware méjì ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tuntun lo irú kan náà bó bá ṣeé ṣe, nítorí bí ẹ bá yí i padà, ẹ ó tún ní láti gbé GRUB (ètò tó ń gbé Linux dìde) mìíràn wọlé. Ẹ wò ó bóyá /boot, /home tàbí /var wà lórí ìpín tiwọn. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Ẹ dá àtúnṣe àìfọwọ́yí dúró láti ìsinsìnyí títí iṣẹ́ á fi parí. Lórí Debian àti Ubuntu, `systemctl stop unattended-upgrades apt-daily.timer apt-daily-upgrade.timer` ni. Bí kernel (ọkàn Linux) bá yí padà láàárín rsync méjèèjì, ohun tó wà nínú /boot kò ní bá /lib/modules mu mọ́.

Ẹ ṣètò ẹ̀rọ tuntun

Ẹ fi fláàṣì tí Linux wà lórí rẹ̀ gbé e dìde. SystemRescue tàbí Debian live tó. Bó bá jẹ́ UEFI lẹ ó lò, ẹ rí i dájú pé UEFI ni fláàṣì náà fi gbéra, kì í ṣe BIOS, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ grub-install kò ní lè kọ orúkọ sáfà sínú firmware. `ls /sys/firmware/efi` á fi hàn yín.

Ẹ fún root ní ọ̀rọ̀ aṣínà pẹ̀lú `passwd`, ẹ tan ssh, kí ẹ sì gbìyànjú láti wọlé láti ẹ̀rọ àtijọ́. SystemRescue máa ń ti ilẹ̀kùn nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ pa. Bí ssh bá kọ̀, ẹ fi `nofirewall` kún ìlà ìgbéra rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, àdírẹ́sì ẹ̀rọ tuntun ni 10.0.0.20.

Ó kan pípín dísíìkì. Ẹ ka orúkọ dísíìkì nínú lsblk dáadáa kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, nítorí fláàṣì fúnra rẹ̀ lè jẹ́ sda, àṣẹ àkọ́kọ́ yìí sì ń pa gbogbo ohun tó bá bá níbẹ̀ rẹ́:

    sgdisk -Z /dev/nvme0n1
    sgdisk -n1:0:+512M -t1:ef00 /dev/nvme0n1
    sgdisk -n2:0:+8G -t2:8200 /dev/nvme0n1
    sgdisk -n3:0:0 -t3:8300 /dev/nvme0n1
    mkfs.vfat -F 32 /dev/nvme0n1p1
    mkswap /dev/nvme0n1p2
    mkfs.ext4 -O ^metadata_csum_seed,^orphan_file /dev/nvme0n1p3
    mount /dev/nvme0n1p3 /mnt

Fún BIOS pẹ̀lú GPT, ìpín kìíní á jẹ́ 1 MiB, irú ef02, ẹ kò sì ní ṣe mkfs sórí rẹ̀. GRUB ló ni ín.

Ẹ má fo `-O` yẹn. Láti e2fsprogs 1.47.0, mkfs.ext4 ń tan metadata_csum_seed àti orphan_file fúnra rẹ̀. Fláàṣì yín lè jẹ́ tuntun, kí sáfà tí ẹ fẹ́ dà kọ jẹ́ àtijọ́: GRUB 2.06 kò lè ka àkọ́kọ́, kernel tó ṣáájú 5.15 kò sì mọ èkejì. Gbogbo fáìlì á wà níbẹ̀ pérépéré, ẹ̀rọ á sì máa sọ pé òun ò mọ filesystem yìí. Bí e2fsprogs tó wà lórí fláàṣì bá kéré sí 1.47, ẹ yọ `-O` àti ohun tó tẹ̀lé e kúrò, torí kò mọ orúkọ orphan_file.

rsync àkọ́kọ́

Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ ṣí tmux tàbí screen, kí ssh yín má baà já kó sì gbé iṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà:

    rsync -aAXHSx --numeric-ids --info=progress2 --bwlimit=60M --exclude=/swapfile / root@10.0.0.20:/mnt/

Kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀ tó ṣeé yọ. `-A` ń gbé ACL (àfikún òfin nípa ẹni tó lè fọwọ́ kan fáìlì), `-X` ń gbé àmì ara fáìlì tó fi mọ́ agbára tí wọ́n fún ètò bíi ping, `-H` kì í jẹ́ kí fáìlì kan tó ní orúkọ méjì di fáìlì méjì, `-S` ń pa àlàfo inú fáìlì mọ́. `-x` ni kì í jẹ́ kí rsync rékọjá sínú /proc, /sys, /dev àti /run. Fódà òfìfo wọn nìkan ló máa ń gbé, ohun tí a sì fẹ́ nìyẹn. `--numeric-ids` ṣe kókó nítorí pé Linux orí fláàṣì ní àwọn oníṣe tirẹ̀: láìsí i, fáìlì tí dátábéèsì ni lè di ti ẹlòmíràn tó kàn ń jẹ́ orúkọ yẹn níbẹ̀. `--bwlimit` ń dá ààyè sí fún àwọn tó ń lo sáfà lọ́wọ́. Ẹ gbé e sókè ní òru bí ẹ bá fẹ́. Ẹ má fi `-z` kún un lórí nẹ́tíwọ̀kì 1 Gb/s. CPU ló máa ń fà á sẹ́yìn.

Bí /boot, /home tàbí /var bá wà lórí ìpín tiwọn, `-x` yóò ti fo wọ́n. Ẹ da ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ lọ́tọ̀, pẹ̀lú àmì ìdábùú ní òpin orúkọ méjèèjì:

    rsync -aAXHSx --numeric-ids /boot/ root@10.0.0.20:/mnt/boot/

Kò pọn dandan kí wọ́n tún wà lórí ìpín tiwọn lórí ẹ̀rọ tuntun.

Bí rsync bá parí pẹ̀lú nọ́ńbà 24, àwọn fáìlì kan ti pòórá kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyẹn kò burú lórí sáfà tó ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà 23 yàtọ̀: ohun kan wà tí kò lè dà kọ. Ẹ ka ohun tó kọ sókè kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ẹ mú kí ẹ̀rọ tuntun gbéra

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń wọ́ nìyí, kì í ṣe dída fáìlì kọ. Lórí ẹ̀rọ tuntun:

    mkdir -p /mnt/boot/efi
    mount /dev/nvme0n1p1 /mnt/boot/efi
    for d in dev proc sys run; do mount --rbind /$d /mnt/$d; done
    chroot /mnt /bin/bash
    blkid

Láti ìgbà tí ẹ bá ti tẹ chroot, inú ẹ̀dà tó wà ní /mnt ni àwọn àṣẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú UUID (àmì ìdánimọ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan) tí blkid fi hàn, kí ẹ fi rọ́pò àwọn ti àtijọ́ nínú /etc/fstab, fáìlì tó ń sọ ibi tí a ó so ìpín kọ̀ọ̀kan mọ́: ti root, ti /boot/efi, ti swap (ìpín tó ń ran RAM lọ́wọ́). Ẹ yọ ìlà ìpín tí kò sí mọ́. UUID kan ṣoṣo tí ẹ bá gbàgbé síbẹ̀ á mú kí systemd (ètò tó ń tan àwọn iṣẹ́ Linux) dúró dè é fún ìṣẹ́jú àáyá 90, lẹ́yìn náà ó lè jù yín sínú emergency mode. Dísíìkì tí kò pọn dandan fún ìgbéra, ẹ fi `nofail` sí ìlà rẹ̀. Lórí Debian àti Ubuntu, ẹ ṣí /etc/initramfs-tools/conf.d/resume pẹ̀lú, torí UUID swap àtijọ́ sábà máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé swapfile ni sáfà ń lò, a kò gbé e wá. Ẹ ṣe òmíràn.

Àwọn kan máa ń fún filesystem tuntun ní UUID ti àtijọ́ kí wọ́n má baà ṣàtúnṣe kankan. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ tí dísíìkì méjèèjì bá pàdé nínú ẹ̀rọ kan, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí kernel máa mú. A ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Lẹ́yìn fstab, initramfs ló kàn. Inú rẹ̀ ni driver tí kernel fi ń rí dísíìkì wà, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti gé e mọ́ ara ẹ̀rọ àtijọ́. Bí /etc/initramfs-tools/initramfs.conf bá ní `MODULES=dep`, ẹ sọ ọ́ di `MODULES=most`. Lẹ́yìn náà:

    update-initramfs -u -k all
    grub-install --target=x86_64-efi --efi-directory=/boot/efi
    grub-install --target=x86_64-efi --efi-directory=/boot/efi --removable
    update-grub

Èkejì nínú grub-install méjèèjì ń fi ẹ̀dà kan sí EFI/BOOT/BOOTX64.EFI, ibi tí firmware máa ń wò bí kò bá rí orúkọ tó mọ̀. Fún BIOS, `grub-install /dev/sda` nìkan tó, orúkọ dísíìkì odindi, kì í ṣe ti ìpín.

Lórí ìdílé Red Hat, `dracut -f --regenerate-all --no-hostonly` ló ń ṣe iṣẹ́ initramfs. Ẹ má lo grub2-install níbẹ̀ bó bá jẹ́ UEFI. Ẹ tún gbé shim-x64 àti grub2-efi-x64 wọlé pẹ̀lú `dnf reinstall`, kí ẹ sì ṣe `grub2-mkconfig -o /boot/grub2/grub.cfg`. Ẹ ṣí àwọn fáìlì inú /boot/loader/entries pẹ̀lú: `root=UUID=` àtijọ́ lè ṣì wà nínú wọn, grub2-mkconfig kì í sì í fìgbà gbogbo tún un ṣe. Bí SELinux bá wà ní títàn, `touch /.autorelabel`.

Sáfà tó ní mdadm (ètò tó ń so dísíìkì púpọ̀ pọ̀ di ọ̀kan) gbọ́dọ̀ ní /etc/mdadm/mdadm.conf tuntun, tí ẹ fi `mdadm --detail --scan` ṣe, kí ẹ tó kọ initramfs.

Orúkọ àti nẹ́tíwọ̀kì

Ṣé ẹ̀rọ tuntun fẹ́ gba ipò àtijọ́ ni, àbí méjèèjì á jọ máa ṣiṣẹ́? Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ gba ipò, ẹ fi orúkọ àti kọ́kọ́rọ́ ssh rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí àwọn tó ń wọlé má baà rí ìkìlọ̀. Bí méjèèjì á bá jọ wà:

    echo oruko-tuntun > /etc/hostname
    truncate -s 0 /etc/machine-id
    rm /etc/ssh/ssh_host_*
    ssh-keygen -A

Ẹ tún orúkọ ṣe nínú /etc/hosts pẹ̀lú. Àwọn tó ń fo machine-id ló máa ń rí i tí ẹ̀rọ méjì ń ja àdírẹ́sì kan: inú rẹ̀ ni systemd-networkd ti ń mú àmì tó fi ń bá DHCP (ètò tó ń pín àdírẹ́sì) sọ̀rọ̀, DHCP á sì gbà pé ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n.

Orúkọ káàdì nẹ́tíwọ̀kì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yàtọ̀ nígbà gbogbo, torí ibi tí káàdì wà lára bọ́ọ̀dù ló ń sọ ọ́ lórúkọ. enp3s0 lè di eno1. `ip -br link` lórí fláàṣì á fi orúkọ tuntun hàn. Ẹ fi rọ́pò ti àtijọ́ níbi tí sáfà yín bá ń kọ ètò sí: /etc/netplan, /etc/network/interfaces, tàbí /etc/NetworkManager/system-connections. Bí ìlà kan bá so ètò mọ́ MAC (nọ́ńbà ara káàdì nẹ́tíwọ̀kì), ẹ tún un kọ. Lórí sáfà tó ti pẹ́, /etc/udev/rules.d/70-persistent-net.rules ṣì lè wà. Ẹ pa á rẹ́.

Ìdánwò, láìsí wáyà

Ẹ jáde kúrò nínú chroot, ẹ yọ fláàṣì, ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ̀kì, kí ẹ tó tún ẹ̀rọ tuntun tàn. Wáyà yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ̀dà tó gbéra pẹ̀lú wáyà lára á gbé àdírẹ́sì sáfà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, cron rẹ̀ (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a yàn) á bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà lẹ́ẹ̀kejì.

Bó bá dúró sí `grub rescue>`, GRUB kò rí /boot: UUID tàbí filesystem tí kò lè kà ni. Bó bá sọ pé `ALERT! UUID=... does not exist` tó sì dúró sí `(initramfs)`, ẹ tẹ `cat /proc/partitions` níbẹ̀. Bí dísíìkì ò bá sí nínú rẹ̀, driver ló kù; bó bá wà, UUID ni kò tọ̀nà. Bí firmware bá sọ pé kò sí ohun tó lè fi gbéra rárá, ẹ wò ó bóyá Secure Boot wà ní títàn nígbà tí sáfà kò ní shim (ètò ìgbéra tí Secure Boot gbà).

Bó bá gbéra, ẹ wo `systemctl --failed`, `findmnt --verify`, `swapon --show` àti `ip -br link`. Dátábéèsì lè kọ̀ láti tàn báyìí. Kí ìyẹn má kó ìpayà bá yín, torí ẹ̀dà tí a mú nígbà tó ń kọ̀wé lọ́wọ́ ni. Rsync kejì á rọ́pò rẹ̀.

rsync kejì

Ẹ fi fláàṣì gbé ẹ̀rọ tuntun dìde lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ so ìpín kẹta mọ́ /mnt, ẹ fi /boot/efi sílẹ̀. Fláàṣì ti gbàgbé ohun gbogbo, nítorí náà ẹ tún passwd àti ssh ṣe. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ẹ kọ àwọn ohun tí rsync kò gbọ́dọ̀ fi ti àtijọ́ bò mọ́lẹ̀ sínú fáìlì kan, /root/fisile.txt:

    /swapfile
    /boot/
    /etc/fstab
    /etc/hostname
    /etc/hosts
    /etc/machine-id
    /etc/ssh/ssh_host_*
    /etc/netplan/
    /etc/initramfs-tools/

Ẹ fi tiyín kún un, yálà mdadm.conf tàbí fódà nẹ́tíwọ̀kì mìíràn. Ohun tí ẹ bá yọ báyìí, `--delete` kì í fọwọ́ kàn án lórí ẹ̀rọ tuntun. Ìdí nìyẹn tí /home tàbí /var tó ní ìpín tirẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì yìí pẹ̀lú: rsync ń rí fódà òfìfo níbẹ̀ nítorí `-x`, ó sì lè pa gbogbo ohun tí ẹ ti dà kọ síbẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ lẹ ó tún da àwọn náà kọ lọ́tọ̀.

Ẹ wá dá iṣẹ́ dúró. `systemctl list-units --type=service --state=running` á fi gbogbo ohun tó ń lọ hàn. Ẹ dá web, lẹ́tà, cron, docker pẹ̀lú docker.socket, àti dátábéèsì dúró, kí dátábéèsì gbẹ̀yìn. Ẹ fi ssh sílẹ̀.

    sync
    rsync -aAXHSx --numeric-ids --delete --exclude-from=/root/fisile.txt / root@10.0.0.20:/mnt/
    rsync -aAXHc --numeric-ids --delete /var/lib/mysql/ root@10.0.0.20:/mnt/var/lib/mysql/

Ìlà kẹta wà fún fódà dátábéèsì nìkan. rsync ń fi ìwọ̀n àti àkókò mọ fáìlì tó yí padà. `-c` ń mú kó ka inú wọn, ó sì pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ibí yìí kì í ṣe ibi tí ó yẹ kí ẹ ti máa ṣírò ìṣẹ́jú.

Bí sáfà kò bá ṣeé dá dúró rárá, tó sì wà lórí LVM (ètò Linux tó ń pín dísíìkì), snapshot (àwòrán dísíìkì lójú ẹsẹ̀ kan) lè rọ́pò ìdádúró. Ẹ fi `vgs` wò ó bóyá àyè ṣẹ́ kù:

    lvcreate -s -L 20G -n aworan /dev/vg0/root
    mkdir -p /media/aworan
    mount -o ro /dev/vg0/aworan /media/aworan

Fún XFS, ẹ kọ `-o ro,nouuid`. Ẹ wá fi `/media/aworan/` rọ́pò `/` nínú rsync. InnoDB àti PostgreSQL lè gbéra láti inú rẹ̀ bí ẹni pé iná lọ, bí gbogbo fáìlì wọn bá wà lórí LV (ìpín LVM) kan náà. MyISAM kò ní ààbò yẹn. Ẹ máa wo Data% nínú `lvs`, torí bó bá kún, snapshot á di asán lójú ẹsẹ̀. Ẹ rántí pé ohun tí àwọn oníbàárà bá kọ lẹ́yìn snapshot kò ní sí lórí ẹ̀rọ tuntun. Fún ẹ̀dà ìdánwò, ó dára. Fún ẹ̀rọ tó fẹ́ gba ipò, ẹ wá ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ìdádúró.

Ìpààrọ̀

Ẹ pa ẹ̀rọ àtijọ́, kí ẹ yọ wáyà rẹ̀. Ẹ tan ẹ̀rọ tuntun, ẹ so wáyà. Bí àdírẹ́sì kan náà ló ń lò, ráútà á ṣì máa rántí MAC àtijọ́ fún ìgbà díẹ̀, sáfà á sì dà bí ẹni pé kò sí:

    arping -U -I eno1 -c 3 10.0.0.5

Ẹ fi àdírẹ́sì sáfà yín rọ́pò 10.0.0.5. Lẹ́yìn náà, `ss -tlnp` láti rí i pé gbogbo ilẹ̀kùn ti ṣí, `journalctl -b -p err`, àti `mysqlcheck --all-databases` tàbí, láti PostgreSQL 14, `pg_amcheck --all`. Ẹ fi ẹ̀rọ àtijọ́ sílẹ̀ ní pípa, kí dísíìkì rẹ̀ wà bó ṣe wà, títí iṣẹ́ ìparí oṣù kan á fi kọjá lórí tuntun, nítorí iṣẹ́ cron tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ló máa ń gbẹ̀yìn fi àṣìṣe hàn. Bí ẹ bá sì ní láti tan án láàárín àkókò yẹn, wáyà nẹ́tíwọ̀kì kò gbọ́dọ̀ kàn án.